Iná Mànàmáná Pẹ̀lú Ní Àjẹṣẹ́kù: Ẹ̀kọ́ Láti Ìlú Seattle



Ẹni tí ó bá jẹ ohun gbogbo tán lónìí, ọ̀la kò ní í bá nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń pe irú ẹgbẹ́ tiwa yìí ní alájẹṣẹ́kù. Ṣùgbọ́n owó nìkan kọ́ ni ó ń ṣẹ́kù. Iná mànàmáná pẹ̀lú ń ṣẹ́kù, bí a bá mọ bí a ti í lò ó.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìlú Seattle ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ìlú náà fúnra rẹ̀ ni ó ni ilé iṣẹ́ iná rẹ̀, Seattle City Light, odò tí wọ́n sé ni ó sì ń fún wọn ní èyí tí ó pọ̀ jù nínú iná náà. Nítorí pé iná yìí kò wọ́n, ọ̀pọ̀ ilé ni ó ń fi í lé òtútù. Nígbà tí ó yá, a sọ fún wọn pé iná náà kò ní í tó mọ́, pé kí wọ́n bá àwọn mìíràn yáwó kọ́ ilé iṣẹ́ iná átọ́míìkì méjì. Àríyànjiyàn pọ̀. Ní 1976, ìgbìmọ̀ ìlú pinnu pé àwọn kò ní í dá sí i. Wọ́n ní kí a kọ́kọ́ dín ìfiṣòfò kù.

Ilé iṣẹ́ iná rán ènìyàn lọ sí ilé àti ṣọ́ọ̀bù láti wo ibi tí iná ti ń ṣòfò. Wọ́n dí àjà àti ògiri kí ooru má baà jáde. Wọ́n ṣe é fún tálákà lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì yá àwọn mìíràn lówó láti ṣe é. Wọ́n ran àwọn oníṣòwò lọ́wọ́ láti pààrọ̀ gílóòbù tí ó ń jẹ iná.

Ilé iṣẹ́ iná 88 ni ó tọwọ́ bọ ìwé fún ilé iṣẹ́ méjì náà. Ní oṣù kìíní 1982, a pa iṣẹ́ méjèèjì tì láìparí. Ní 1983, gbèsè 2.25 bílíọ̀nù dọ́là di èyí tí a kò lè san. Seattle kò sí nínú rẹ̀.

Ẹ gbé ìṣirò yìí yẹ̀ wò. Gílóòbù àtijọ́ 60 wáàtì tí ó ń tàn fún wákàtí 5 lójúmọ́ yóò jẹ yúnìtì 9 ní ọjọ́ 30. Gílóòbù LED 9 wáàtì, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò dín sí ti èkínní, yóò jẹ 1.35 péré. Bí ilé ìpamọ́ ẹgbẹ́ bá ní gílóòbù 10, yúnìtì 76.5 ni yóò ṣẹ́kù lóṣooṣù.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a kò gbọdọ̀ fi pamọ́. Bí gbogbo ìlú bá dín iná kù, owó ìtọ́jú wáyà kò ní í dín kù, nítorí náà iye owó yúnìtì kan lè gbéra díẹ̀. Ẹni tí kò rí ìrànlọ́wọ́ gbà ni yóò jìyà rẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí irú ètò bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ tálákà àti ayálégbé.

Ẹgbẹ́ kan tí mo yẹ ìwé rẹ̀ wò yáwó ra jẹnẹrétọ̀ ńlá nítorí fírísà ẹja mẹ́ta. Nígbà tí a wò wọ́n, rọ́bà ẹnu ìdérí méjì ti ya. Òtútù ń jáde, ẹ̀rọ kò sì sinmi. Rọ́bà kò wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n ti tọwọ́ bọ ìwé èlé ọdún mẹ́ta. N kò sọ pé kí ẹgbẹ́ má ra jẹnẹrétọ̀. Mo ní kí a ka mítà kí a tó yáwó.

Ìbéèrè fún ìjíròrò nínú ìpàdé:

1. Yúnìtì mélòó ni ẹgbẹ́ wa lò ní oṣù tí ó kọjá, ta ni ó sì kọ ọ́ sílẹ̀?
2. Ẹ̀rọ wo ni ó ń jẹ iná jù? Ìgbà wo ni a yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́yìn?
3. Ǹjẹ́ ẹgbẹ́ lè yá ọmọ ẹgbẹ́ lówó láti pààrọ̀ ẹ̀rọ tí ó ń fi iná ṣòfò, kí ó máa fi owó tí ó ṣẹ́kù san án padà?