“Ó Ń Bọ̀” Kò Tó Ìdáhùn

Ìdáhùn kan ló wọ́pọ̀ jù lẹ́nu àwọn tó ń gbé ẹrù ẹlẹ́rù kiri: “Ẹ fọkàn balẹ̀, ó ń bọ̀.” Oníbàárà tó ti sanwó, tó ti gba nọ́ńbà ẹrù rẹ̀, tó sì ti ń yẹ fóònù rẹ̀ wò láti àárọ̀ yóò gbọ́ ọ lónìí, yóò gbọ́ ọ lọ́la, yóò tún gbọ́ ọ lọ́túnla. Ẹni tó sọ ọ́ lè má purọ́ rárá. Nínú èdè Yorùbá, ohun tí kò tíì kúrò níbi tó wà lè máa bọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ń bọ̀, ọdún tó ń bọ̀ ń bọ̀, kò sì sí èyí tó tíì gbéra nínú méjèèjì.

Èdè wa ní ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtó fún ẹrù tó pẹ́ lọ́nà, ó ní wọn lọ́pọ̀ yanturu. Bí a ṣe ń lò wọ́n ló kù díẹ̀ káàtó. Bí oníbàárà bá mọ ìbéèrè bi, tí òṣìṣẹ́ sì mọ èsì fọ̀, ọ̀pọ̀ ìbínú tó ń wáyé lórí fóònù yóò rọlẹ̀.

Ìpele mẹ́rin ni ìrìn àjò ẹrù ní, gbólóhùn mẹ́rin ló sì bá a mu. Èkíní ni “wọ́n ti dì í.” Ọ̀pọ̀ òǹtajà a máa gba nọ́ńbà sílẹ̀ nígbà tí páálí ṣì wà nínú ṣọ́ọ̀bù wọn. Ojú òpó ilé iṣẹ́ agbẹ́rù á wá kéde pé àwọn ti gbọ́ nípa ẹrù náà, inú ẹni tó rà á á dùn, bẹ́ẹ̀ ẹrù kò tíì kúrò nílé. Èkejì ni “ó ti gbéra”, èyí tí a kò gbọ́dọ̀ sọ àyàfi tí ọkọ̀ tó gbé e bá ti ṣí. Ẹ̀kẹta ni “ó ti dé”, ẹ̀kẹrin sì ni “ó ti tẹ̀ mí lọ́wọ́.”

Àárín ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin yìí ni ìjà ti ń bẹ́ sílẹ̀ jù. “Dé” ń béèrè ibi kan: ó dé Ìkẹjà, ó dé Ìbàdàn, ó dé ọ́fíìsì wọn. “Tẹ̀ mí lọ́wọ́” ń béèrè ènìyàn. Àwọn tó ń kọ lẹ́tà nígbà kan mọ ìyàtọ̀ yìí dáadáa, ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń kọ ọ́ síbẹ̀rẹ̀ èsì wọn pé “lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́.” Ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ lẹ́tà ló jẹ́ pé inú àpótí ní ilé ìfìwéránṣẹ́ ni ìrìn rẹ̀ ń parí sí, ẹni tó ni ín ni yóò lọ kó o. Lẹ́tà lè ti dé láti ìjẹrin kó má tíì tẹ olówó rẹ̀ lọ́wọ́. Ojú òpó tó bá kọ “ó ti dé” sára ẹrù tó ṣì wà ní ilé ìkẹ́rùsí ń fi ọ̀rọ̀ kan ṣe iṣẹ́ ọ̀rọ̀ méjì.

Ọ̀rọ̀ ọdẹ ni “tọpa”, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò báyìí fún wíwá ibi tí ẹrù wà. Ohùn àárín ni ipa tó wà nínú rẹ̀ gbà. Ipá tó ní àmì òkè ní ìparí, agbára nìyẹn. Ọdẹ kò lè tọpa ẹran tí kò tẹ ilẹ̀. Ẹsẹ̀ ní láti wà nínú ẹrẹ̀, tàbí kí koríko ti wó, kí ó tó ní ohun tí yóò tẹ̀ lé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti páálí. Ìlà dúdú àti funfun tó wà lára rẹ̀ kì í bá sátẹ́láìtì kankan sọ̀rọ̀. Ìgbà tí òṣìṣẹ́ bá fi ẹ̀rọ kà á nìkan ni kọ̀ǹpútà máa ń mọ ibi tó wà. Tí wọ́n bá gbé e kọjá láì kà á, kò sí ipa. Nítorí náà, ojú òpó tó ń sọ ohun kan náà láti ọ̀sẹ̀ kan kò fi hàn pé ẹrù dúró sójú kan. Ó ń fi hàn pé ẹnikẹ́ni kò kà á láti ọjọ́ náà. Ìbéèrè tó yẹ kí oníbàárà bi wọ́n ni: “Ta ló kà á kẹ́yìn, níbo, lọ́jọ́ wo?”

Nọ́ńbà tí a fi ń tọpa náà ní èdè tirẹ̀. Ọdún 1874 ni wọ́n dá àjọ tó so àwọn ilé iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ àgbáyé pọ̀ sílẹ̀ ní ìlú Bern ní Switzerland, Nàìjíríà sì di ọ̀kan nínú wọn lọ́dún 1961. Ìlànà àjọ náà ni pé kí nọ́ńbà ẹrù tó ń ré òkun kọjá jẹ́ ẹyọ 13: lẹ́tà méjì níwájú, nọ́ńbà mẹ́sàn-án láàárín, lẹ́tà méjì lẹ́yìn. Lẹ́tà ẹ̀yìn ni orílẹ̀-èdè tí ẹrù ti gbéra: NG fún Nàìjíríà, GB fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́tà àkọ́kọ́ ń sọ irú ẹrù tó jẹ́: E fún èyí tó ń yára, R fún lẹ́tà tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, C fún páálí. Nọ́ńbà kẹsàn-án kò ka ẹrù kankan. Orí àwọn mẹ́jọ tó ṣáájú ni wọ́n ti ṣírò rẹ̀, kí kọ̀ǹpútà lè mọ̀ bí ẹnì kan bá ṣi ọ̀kan nínú wọn kọ. Ìdí nìyí tí àṣìkọ kékeré fi ń mú kí ojú òpó sọ pé òun kò mọ ẹrù náà rí. Ẹni tó bá ń ka nọ́ńbà yìí lórí fóònù ní Yorùbá, kí ó pe “òdo” ní òdo. Kí ó má pè é ní “O”, torí pé lẹ́tà ni ẹni tó ń gbọ́ ọ yóò kọ sílẹ̀.

Àṣìlò kan tún ń gbilẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìṣe “rán”. Ènìyàn ni Yorùbá ń rán, wọn kì í rán ẹrù. À ń rán ọmọ níṣẹ́, à ń rán ikọ̀ sí ọba. Ẹrù, lẹ́tà àti owó, à ń fi wọ́n ránṣẹ́ ni. Ẹni tó bá sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù pé “mo ti rán aṣọ yín”, ohun tí ẹ̀gbọ́n náà máa gbọ́ ni pé ó ti gbé abẹ́rẹ́ àti òwú. “Mo ti fi aṣọ yín ránṣẹ́” ló tọ̀nà.

Èdè yìí tún pèsè ọ̀nà kejì tó dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ. “Mo fi aṣọ ránṣẹ́ sí ìyá mi” kò sọ ẹni tó gbé e. “Mo fi aṣọ rán Káyọ̀dé sí ìyá mi” sọ ọ́ gbangba: aṣọ wà lọ́wọ́ Káyọ̀dé, òun la ó sì bi. Ní gáréèjì, níbi tí wọ́n ti ń ṣe wébíìlì ẹrù, èyí ni gbólóhùn tó ń gba ni. Ẹni tó bá gba orúkọ dẹ́rẹ́bà, nọ́ńbà fóònù rẹ̀ àti nọ́ńbà ọkọ̀ ti fi ẹrù rán ènìyàn. Ẹni tí kò bá gba ìkankan fi ẹrù ránṣẹ́ lásán ni.

Láyé àwọn baba wa, àrokò ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ìlú sí ìlú. Owó ẹyọ mẹ́fà lórí okùn ń sọ fún ẹni tó gbà á pé ọkàn olùpàrokò fà sí i, nítorí ẹ̀fà. Mẹ́jọ tó padà wá gẹ́gẹ́ bí èsì ń sọ pé ọ̀rọ̀ wọ́n jọ, nítorí ẹ̀jọ. Òjíṣẹ́ ló ń gbé e. Iṣẹ́ òjíṣẹ́ náà sì ní orí mẹ́ta nínú èdè wa: wọ́n rán an, ó jíṣẹ́, ó jábọ̀. Ìkẹta yìí ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń gbé ẹrù lónìí ti gbàgbé. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, ṣùgbọ́n àbọ̀ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ pé: ta ló gbà á, nígbà wo, àbí kí ló dí i lọ́wọ́?

Òwe méjì ló tọ́ sí ibí yìí. Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ìtumọ̀ rẹ̀ fún dísípáàṣì ni pé kí ó má torí owó tó kéré tàbí ẹrù tí kò tóbi fọwọ́ yẹpẹrẹ mú iṣẹ́. Wọ́n tún ní ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a rán ni sí. Èyí ń kọ́ ẹni tó rajà ní ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀: bó bá jẹ́ pé òǹtajà ló gbé iṣẹ́ fún agbẹ́rù, òǹtajà náà ni agbẹ́rù bá ṣàdéhùn. Òun ló yẹ kí a kọ́kọ́ dì mú kí ó lọ bi agbẹ́rù. Bákan náà ni pẹ̀lú ẹrù òkè òkun, ilé ìfìwéránṣẹ́ tí a ti fi í ránṣẹ́ ni ìwádìí sábà máa ń ti bẹ̀rẹ̀.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ ìdádúró gan-an. “Ẹrù náà pẹ́” kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ó kàn ń sọ pé àsìkò ti lọ. “Wọ́n fi í falẹ̀” ń tọ́ka sí ènìyàn tó lè ṣe é kíá tí kò ṣe é, torí ẹrù kò lè fúnra rẹ̀ falẹ̀. “Aṣọ́bodè dá a dúró” ń sọ ẹni tó mú un dúró, ó sì jẹ́ ká mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí ìwé tàbí owó kan kù. “Ó há” ni tí ọ̀nà bá dí tàbí tí ẹrù bá pọ̀ jù fún ọkọ̀ tó wà. “Ó ṣìnà” ni tí àdírẹ́sì bá gbé e lọ síbòmíràn. “Wọ́n ṣì í gbé” ni tí ọwọ́ ẹlòmíràn bá bà á ní àṣìṣe. “Ó sọnù” wúwo ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ, “ó ti di àwátì” sì tún wúwo jù ú lọ, nítorí ohun tí a wá tí a kò rí ni àwátì. Ilé iṣẹ́ tí kò tíì wá ẹrù kò lẹ́tọ̀ọ́ láti pè é ní àwátì.

Bẹ́ẹ̀ náà ni “kò dé”, “kò tíì dé” àti “kò dé mọ́.” Èkíní ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan. Èkejì ṣì ń retí. Ẹ̀kẹta ti jáwọ́. Ẹni tó ń kọ̀wé láti gba owó rẹ̀ padà kò gbọ́dọ̀ kọ “kò tíì dé”, torí pé wọ́n á ní kí ó tún ní sùúrù.

Ọjọ́ kíkà náà ń dá ìjà sílẹ̀. Nínú ìṣirò Yorùbá, ọjọ́ tí a wà nínú rẹ̀ ni a fi ń bẹ̀rẹ̀. Bí òní bá jẹ́ Ọjọ́bọ̀, ìjẹta ni Ọjọ́ Ìṣẹ́gun: Ọjọ́bọ̀ kan, Ọjọ́rú méjì, Ìṣẹ́gun mẹ́ta. Ọjà ọrọọrún tí wọ́n ná ní Ọjọ́ Ajé, Ọjọ́ Ẹtì ni wọn yóò tún ná an. Àwọn agbẹ́rù kì í kà báyẹn. Ọ̀la ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ iṣẹ́ nìkan ni wọ́n sì ń kà. Ẹrù tí wọ́n gbà ní Ọjọ́bọ̀ pẹ̀lú ìlérí ọjọ́ márùn-ún, Ọjọ́ Ajé ni màmá tó ń dúró dè é yóò máa wo ọ̀nà. Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kejì ni ilé iṣẹ́ ní lọ́kàn. Kò sí ẹni tó parọ́ nínú wọn. Orúkọ ọjọ́ ni kí wọ́n dá: “Kò ní kọjá Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.”

Àdírẹ́sì tí a ń fi ẹnu júwe tún yẹ fún àtúnṣe díẹ̀. “Lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí” lè jẹ́ ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, ó sì lè jẹ́ iwájú níbẹ̀ tí a bá ti kọjá rẹ̀. Kí ẹni tó ń júwe sọ “tí ẹ bá ti kọjá mọ́ṣáláṣí”, “ilé tó kọjú sí mọ́ṣáláṣí” tàbí “ẹ̀yìnkùlé mọ́ṣáláṣí”, kí ọlọ́kadà má baà yí àdúgbò po títí ilẹ̀ fi máa ṣú.

Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí oníbàárà ní Yorùbá ń ṣe ohun tó dára. Kí wọ́n ṣe é dáadáa. “Ẹrù rẹ ti jẹ́ gbígbé wá” kì í ṣe Yorùbá. “A ti gbé ẹrù yín dé” ni, “yín” sì ni, torí wọn kò mọ ọjọ́ orí ẹni tí yóò kà á. Kí wọ́n fi àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà sí i pẹ̀lú: láìsí méjèèjì, ẹrù tí a gbé, ẹ̀rù tó ń bani, ẹrú tí a rà àti èrú tí wọ́n ṣe fún ni, ìkọ̀wé kan náà ni gbogbo wọn ń gbà lórí fóònù.

Òfin pàápàá wà lẹ́yìn oníbàárà. Òfin Nàìjíríà ti ọdún 2018 lórí ìdíje ọjà àti ààbò oníbàárà, èyí tí àjọ FCCPC ń bójú tó, fún ẹni tó sanwó iṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ pé kí wọ́n ṣe é lásìkò, kí wọ́n sì tètè fi tó o létí bí ìdádúró tí kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀ bá wà. Jíjábọ̀ ni òfin náà ń béèrè.

Nítorí náà, kí ẹni tí ẹrù rẹ̀ bá pẹ́ má kọ “ẹ jọ̀ọ́, ẹrù mi dà?” Kí ó kọ ọ́ báyìí: “Ọjọ́bọ̀ ni ẹ gba ẹrù yìí, nọ́ńbà rẹ̀ nìyí. Ẹ sọ ẹni tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ibi tí wọ́n ti kà á kẹ́yìn, ohun tó dá a dúró, àti ọjọ́ tí yóò tẹ̀ mí lọ́wọ́.” Bí wọ́n bá tún dáhùn pé ó ń bọ̀, kí ó fi ìwé kan náà ránṣẹ́ sí òǹtajà, kí ó sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí àjọ FCCPC.