Kí Ìtọ́kọ̀ Tó Bọ́ Lọ́wọ́ Yín

Àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò níí gbà fún un. Iṣẹ́ tí òkun òun iyanrìn ń ṣe lára ọkọ̀ ìgbòkun kékeré nìyẹn. Hobie 16 ni mo ní lọ́kàn, ọkọ̀ alára méjì tí Hobie Alter gbé jáde ní California, tó sì wọ́pọ̀ létí òkun káàkiri ayé. Ìtọ́kọ̀ méjì ló ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn ara kọ̀ọ̀kan. Bí ìtọ́kọ̀ bá gbún iyanrìn, á ta sókè fúnra rẹ̀ kó má baà kán. Àwọn ẹ̀yà kéékèèké ló ń ṣe iṣẹ́ yìí: píìnì, búṣì oníke, sìpíríìn, bóòtù. Àwọn náà ló sì ń kọ́kọ́ jẹ.

Bí ọ̀pá ìtọ́kọ̀ bá ti ń gbọ̀n lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn, ìtọ́kọ̀ odidi ni wọ́n ń sáré rà. N ò fara mọ́ ọn. Ẹ wá ibi tí àárẹ̀ wà ná. Ẹ gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ lé nǹkan gíga, ẹ sọ ìtọ́kọ̀ kalẹ̀, kí ẹnì kan di ọ̀pá rẹ̀ mú gírígírí, kí ẹnì kejì máa ti ìtọ́kọ̀ sọ́tùn-ún sósì. Ẹ fi ìka kan ibi tí píìnì ti wọlé. Bó bá ń yẹ̀ lábẹ́ ìka yín, búṣì ti jẹ nìyẹn. Bó bá jẹ́ ìtọ́kọ̀ ló ń mì nínú irin tó dì í mú, ẹ yẹ bóòtù àti ihò rẹ̀ wò. Orí méjèèjì ọ̀pá ìdábùú tó so ìtọ́kọ̀ méjèèjì pọ̀ náà a máa jẹ, a kì í sì í fura sí i.

Ẹ fa èékánná lára píìnì láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí èékánná bá há níbì kan, píìnì ti lọ. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a ò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ ò ní jẹ́ ká sùn lóru: píìnì tó ti jẹ yóò ba búṣì tuntun jẹ́ láìpẹ́. Ẹ pààrọ̀ wọn pọ̀, lápá méjèèjì. Bí ihò irin tí píìnì ń wọ̀ bá ti fẹ̀ gbọọrọ, irin náà gan-an lẹ máa pààrọ̀.

Bóòtù tí kì í dípẹtà ń jẹ alumíníọ̀mù run nínú omi iyọ̀. Lẹ́búlẹ́bú funfun á yọ, bóòtù á há. Ẹ fi gíríìsì ọkọ̀ ojú omi pa á kí ẹ tó dè é. Nọ́ọ̀tù tó ní ike nínú, tuntun ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ dè é títí ìtọ́kọ̀ ò fi ní mì mọ́, ṣùgbọ́n kó ṣì lè ta sókè.

Lẹ́yìn náà, ẹ wọn àlàfo àárín ìtọ́kọ̀ méjèèjì níwájú àti lẹ́yìn. Kí wọ́n dọ́gba, tàbí kí ti iwájú fi bíi mìlímítà 3 dín. Bí wọ́n bá kọjú síra ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọkọ̀ á máa wọ́. Orí ọ̀pá ìdábùú lẹ ti máa tún un ṣe.

Bẹ́ ẹ bá ti òkun dé, ẹ fi omi tí kò níyọ̀ ṣan gbogbo rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbé ọkọ̀ tí ìtọ́kọ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n kọjá ibi tẹ́ ẹ ti lè lúwẹ̀ẹ́ padà sí èbúté.