Kakulétọ̀ Nínú Ìdánwò Ìṣirò

Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ni ẹ̀kọ́ wọn dúró nígbà tí a ṣí wá síhìn-ín. Ẹni tó bá tún fẹ́ gba ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́ girama lè ṣe ìdánwò aládàáni ti WAEC, tí a ṣì ń pè ní GCE, tàbí ti NECO. Ìṣirò ló ń dá ọ̀pọ̀ wọn padà.

Wọ́n gba kakulétọ̀ láàyè níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò gba fóònù rárá. Ọmọ tó ń fi fóònù ṣe ìṣirò nílé, kí ó tètè wá kakulétọ̀ gidi kí ọwọ́ rẹ̀ lè mọ̀ ọ́n. Ẹ ka ìlànà ìdánwò tọdún yín, kí ẹ mọ irú èyí tí wọ́n fẹ́.

Kakulétọ̀ kì í ronú o. Ẹ tẹ 2 + 3 × 4. Èyí tí àwọn ìyá wa ń lò lọ́jà sábà máa ń dáhùn 20, nítorí bí ó ṣe ń bá a lọ ni ó ń ṣe é. Ti àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ á dáhùn 14, òun ló sì tọ̀nà: ìsọdipúpọ̀ ló ń ṣáájú ìròpọ̀.

Àkámọ́ ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé. Bàbá kan kórè àpò àgbàdo 46, ó tún kórè 38, ó sì fẹ́ pín gbogbo rẹ̀ fún ọmọ mẹ́rin. Ọmọ tó bá tẹ 46 + 38 ÷ 4 á rí 55.5. Ẹ gbọ́ ná, nínú àpò 84 tí a pín sọ́nà mẹ́rin, báwo ni ẹnì kan ṣe lè gba 55? (46 + 38) ÷ 4 ni kí ó tẹ̀, á sì rí 21. Ìdí nìyí tí a fi ní kí ọmọ kọ́kọ́ fi orí dá iye tó yẹ kó jáde, kó tó fọwọ́ kan bọ́tìnnì.

Bí ìbéèrè bá kan igun, kí ó wò ó bóyá D tàbí DEG wà lójú ẹ̀rọ. Sin 30 gbọ́dọ̀ jẹ́ 0.5. Bí ó bá rí −0.988, dìgírì kọ́ ni ẹ̀rọ náà ń lò.

Kí ó sì kọ gbogbo ìgbésẹ̀ sórí ìwé nínú apá tí a ń kọ àlàyé. Máàkì wà fún ọ̀nà tí a gbà ṣe é, bí ìka tilẹ̀ ṣì bọ́tìnnì tẹ̀ níkẹyìn.

Ẹ fún un ní èyí lálẹ́ òní: ilẹ̀ kan gùn ní mítà 65, ó fẹ̀ ní mítà 42. A yọ mítà 30 sí 20 fún ilé. Mélòó ló kù fún oko? Nínú orí, nǹkan bí 2,200. Lórí ẹ̀rọ, mítà onígun mẹ́rin 2,130.