YÌNYÍN KAN, ORÚKỌ PÚPỌ̀: Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a nílò láti sọ̀rọ̀ nípa glacier

 

Ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì tọ̀sẹ̀ yìí dá lórí yìnyín. Mo mọ̀ pé ẹlòmíì á sọ pé, "Glacier kẹ̀? Kí ló kan ọmọ Ìbàdàn níbẹ̀? Ṣé Bódìjà ló wà ni àbí Challenge?" Ó kàn wá o, ó sì kàn wá dáadáa. WAEC àti JAMB kì í béèrè ibi tí èèyàn ń gbé kí wọ́n tó yan àyọkà comprehension. Bí àyọkà bá dá lórí bí ayé ṣe ń gbóná sí i, ọ̀rọ̀ yìnyín á kún inú rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ láàárín "sea ice" àti "ice sheet" á kàn máa méfò ni. Ìyẹn nípa ti máàkì. Èyí tó ju máàkì lọ ni pé yìnyín tó ń yọ́ lókèèrè ń dá kún òkun, òkun yẹn kan náà ló sì wà lẹ́nu ọ̀nà àwọn ẹbí wa ní Èkó àti ní Ìlàjẹ. Tí a bá ṣi ọ̀rọ̀ náà gbọ́, a ó ṣi ewu rẹ̀ gbọ́.

Yorùbá kó o pọ̀, Gẹ̀ẹ́sì pín in

Ní èdè wa, yìnyín ni èyí tó ń bá òjò rọ̀ tí àwọn ọmọdé ń ṣà jẹ. Yìnyín náà ni èyí tó wà nínú fìríìsà. Bíbélì Yorùbá pe "snow" ní òjò dídì, ṣùgbọ́n lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn, yìnyín náà ni. Gẹ̀ẹ́sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní orúkọ tirẹ̀, nítorí pé ibi òtútù ni àwọn tó ni èdè náà ń gbé. Kì í ṣe pé wọ́n gbọ́n jù wá lọ. Ẹ wo ohun tí àwa náà ṣe sí iṣu: iyán ni, àmàlà ni, àsáró ni, ẹ̀bẹ ni, èlùbọ́ ni. Òyìnbó tó bá dé Dùgbẹ̀ tó ń pe gbogbo rẹ̀ ní "yam", ebi ló máa pa á. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún ẹni tó bá ń pe gbogbo yìnyín ní "ice" nínú ìdánwò.

1. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti inú fìríìsà

Màmá mi ń ta òkú Èkó ní ọjà Bódìjà: Titus, kòtè, ṣáwá. Nítorí náà ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kò jìnnà sí mi.

*Freeze*: kí nǹkan dì. Freeze, froze, frozen ni. "Freezed" kò sí níbì kankan. Àpẹẹrẹ: The fish was frozen on the ship.

*Melt*: kí yìnyín tàbí bọ́tà yọ́. Àpẹẹrẹ: The ice block melted before noon.

*Thaw*: kí ohun tó ti dì padà rọ̀. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Ẹja kì í "melt" o! Tí wọ́n bá mú iná lọ láti àárọ̀ di alẹ́, yìnyín ara ẹja á melt, ẹja fúnra rẹ̀ á thaw. Tí ẹja bá lè melt, ṣebí inú ike la ó máa gbé e wálé. Fún Oral English, ẹ ti ahọ́n sáàárín eyín kí ẹ tó pe "th" yẹn. Tí ẹ bá kàn pè é ní "tọ́ọ̀", "tore" ni olùkọ́ máa gbọ́.

*Defrost*: kí èèyàn mọ̀ọ́mọ̀ mú kí nǹkan rọ̀, tàbí kó pa fìríìsà kí yìnyín ara rẹ̀ lè yọ́ kúrò. Àpẹẹrẹ: Defrost the fish before you fry it.

*Frost*: yìnyín funfun tín-ín-rín tó máa ń lẹ̀ mọ́ ara ògiri fìríìsà. Nílẹ̀ òtútù, orí koríko ló ti ń yọ láàárọ̀.

Ẹ fi ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì kan kún un, a máa lò ó níwájú. Omi máa ń dì ní 0°C, bó bá sì dì, á fẹ̀ sí i ní nǹkan bí ìdá 9 nínú 100. Ìdí nìyẹn tí ìgò tí a rọ omi kún dé ẹnu fi máa ń bẹ́ nínú fìríìsà. Nítorí pé ó fẹ̀, ó fúyẹ́ ju omi lọ, ìdí nìyẹn tí yìnyín fi ń léfòó. Density rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 0.92 g/cm³, ti omi sì jẹ́ 1.

2. Èyí tó ń já bọ́ láti òkè

*Hail* ni yìnyín tó ń bá òjò ńlá rọ̀, tó ń dún gbàgà-gbàgà lórí páànù. Hóró kan ni *hailstone*. *Snow* rọ̀ ní tirẹ̀, ó fúyẹ́ bí òwú, hóró kan rẹ̀ ni *snowflake*. Hail máa ń bọ́ ní Ìbàdàn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Snow kì í bọ́. Tí ẹ bá kọ ọ́ sínú essay pé snow bọ́ ní Agbówó, olùkọ́ á mọ̀ pé ẹ kò mọ ọ̀rọ̀ náà.

3. Glacier àti àwọn ọmọ rẹ̀

*Glacier* ni yìnyín ńlá tó wà lórí ilẹ̀, tó sì ń rìn. Ẹ di ohun méjèèjì yẹn mú: orí ilẹ̀ ló wà, ó sì ń rìn. Snow á rọ̀ sórí òkè gíga, kò ní yọ́ tán kí tọdún kejì tó rọ̀ lé e. Tòkè á máa tẹ tìsàlẹ̀ mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, tìsàlẹ̀ á ki, á di *firn*, tí kì í ṣe snow mọ́, tí kò sì tíì di ice tán. Nígbà tó bá pẹ́ gan-an, á di yìnyín líle. Ìwúwo ara rẹ̀ á wá máa tì í lọ sí ìsàlẹ̀ òkè, díẹ̀díẹ̀, bí oyin tó ki. Tí wọ́n bá ní kí n sọ ọ́ lórúkọ Yorùbá, "odò yìnyín" ni mo máa pè é. Ẹ lè pe glacier ní "glásíà" tàbí "gléísíà", méjèèjì ló tọ̀nà nínú Gẹ̀ẹ́sì ìlú Ọba.

*Accumulation* àti *ablation*: ẹ ronú nípa owó tí èèyàn ń tọ́jú. Snow tó ń wọlé ni accumulation, èyí tó ń yọ́ tàbí tó ń já kúrò ni ablation. Ìṣirò méjèèjì pọ̀ ni wọ́n ń pè ní *mass balance*. Tí ìnáwó bá ju owó tó ń wọlé lọ, àpò á gbẹ.

*Advance* àti *retreat*: tí iwájú glacier bá ń lọ síwájú, ó ń advance. Tó bá ń sún sẹ́yìn, ó ń retreat. Ẹ ṣọ́ra níbí o. Retreat kò túmọ̀ sí pé yìnyín yí padà, ó ń gun òkè. Yìnyín ṣì ń sọ̀ kalẹ̀, àmọ́ iwájú rẹ̀ ń yọ́ yára ju bí tuntun ṣe ń dé lọ. Ó dà bí ọjà tó ń tán lórí àtẹ kí ọkọ̀ tó já òmíràn.

Ẹ má rò pé Áfíríkà kò ní i. Ó wà lórí òkè Kilimanjaro ní Tanzania, tó ga tó 5,895 mítà, ó wà lórí òkè Kenya, ó tún wà lórí òkè Rwenzori láàárín Uganda àti Congo. Itòsí ìlà agbedeméjì ayé ni gbogbo wọn wà, gíga wọn ló jẹ́ kí òtútù mú tó bẹ́ẹ̀. Láti 1912, yìnyín Kilimanjaro tó ti lọ ju ìdá 80 nínú 100 lọ. Ní 2022, UNESCO sọ pé ó ṣeé ṣe kí gbogbo glacier Áfíríkà tán kó tó di 2050. Èmi tí mo ń kọ èyí kò ní tíì pé ọmọ ọdún 45 nígbà náà. Àpẹẹrẹ: The glaciers of Kilimanjaro are retreating.

*Crevasse*: ihò tàbí ìlà jíjìn tó la ara glacier. Ẹ má fi ṣe *crevice*, ìyẹn ni ìlà kékeré lára àpáta tàbí ògiri tí alángbá ń sá sí. Crevasse, ẹ tẹ apá kejì mọ́lẹ̀. Crevice, ẹ tẹ apá kìíní.

*Moraine*: òkìtì òkúta àti erùpẹ̀ tí glacier gbá jọ, tó sì fi sílẹ̀.

*Striation*: ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tí òkúta abẹ́ glacier ha sára àpáta. Ẹ gbọ́ èyí: irú ìlà bẹ́ẹ̀ wà lára àpáta nínú aṣálẹ̀ Sàhárà ní Algeria! Ní nǹkan bí 445 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, itòsí òpin ayé ti gúúsù ni ilẹ̀ yẹn wà, yìnyín ló bò ó. Yìnyín ti lọ tipẹ́, àpá rẹ̀ ò jẹ́ ká gbàgbé.

4. Ibi tí òkun ti wọ ọ̀rọ̀ náà

*Ice sheet*: yìnyín tó tẹ́ bo ilẹ̀ tó tóbi bí odindi orílẹ̀-èdè. Méjì péré ló kù láyé, ọ̀kan ní Greenland, èkejì ní Antarctica. Tí ti Greenland bá yọ́ tán, òkun á fi nǹkan bí mítà 7 ga sí i. Ti Antarctica tó nǹkan bí mítà 58.

*Ice shelf*: apá ibi tí yìnyín ilẹ̀ ti na ara rẹ̀ jáde sórí òkun, tó ń léfòó.

*Calve*: kí yìnyín já bọ́ sómi láti iwájú glacier tàbí ice shelf. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún màlúù tó bímọ ni. Ọmọ tó bí ni *iceberg*. Irú rẹ̀ ni ọkọ̀ Titanic kọlù ní oṣù kẹrin ọdún 1912. Nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá rẹ̀ ló máa ń wà lábẹ́ omi. Ẹ rántí density tí a sọ lẹ́ẹ̀kan.

*Sea ice*: omi òkun fúnra rẹ̀ tó dì. Iyọ̀ inú rẹ̀ kì í jẹ́ kó dì títí á fi tutù dé nǹkan bí −1.8°C.

*Meltwater*: omi tó ti ara yìnyín tó yọ́ wá.

Èwo nínú wọn ló ń gbé òkun sókè? Ẹ dán an wò nílé tí iná bá wà. Ẹ mú ife méjì. Ẹ bu omi sí ti àkọ́kọ́, kí ẹ ju yìnyín sí i kó máa léfòó. Ẹ to òkúta sínú ìkejì kó yọrí jáde nínú omi, kí ẹ gbé yìnyín lé orí òkúta yẹn. Ẹ fi bírò sàmì sí ibi tí omi dé nínú méjèèjì, kí ẹ dúró kí yìnyín yọ́. Ti àkọ́kọ́ kò ní kúrò lójú àmì, ti ìkejì á ga jù ú lọ. Ife àkọ́kọ́ ni sea ice, ìkejì ni glacier àti ice sheet. Yìnyín orí ilẹ̀ ló ń fi omi kún òkun. Èyí tó ti ń léfòó tẹ́lẹ̀ ti gba àyè tirẹ̀ tán.

Láàárín 1901 sí 2018, òkun ayé fi nǹkan bí 20 sẹ̀ntímítà ga sí i. Yìnyín ilẹ̀ tó yọ́ wà lára ohun tó fà á. Ohun kejì ni pé omi òkun fúnra rẹ̀ ń fẹ̀ bó ṣe ń gbóná. Ìbàdàn ga ju òkun lọ ní nǹkan bí 200 mítà, nítorí náà òkun kò ní bá wa dé Ring Road. Àmọ́ ẹ wo Ayétòrò ní Ìlàjẹ, ìpínlẹ̀ Òǹdó, ìlú tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1947. Òkun ti gbé ọ̀pọ̀ ilé àti òpópónà ibẹ̀ lọ. Kì í ṣe yìnyín nìkan ló fa ìyẹn: ìgbì ń jẹ iyanrìn, ilẹ̀ etí òkun pàápàá lè máa rì. Ṣùgbọ́n òkun tó ń ga kò ní jẹ́ kí ó san. Ẹni tó bá kà pé "ice sheet is melting" tó rò pé yìnyín tó ń léfòó ni, kò ní mọ̀ pé ọ̀rọ̀ Ayétòrò ni wọ́n ń sọ.

5. Àkànlò èdè tí wọ́n fẹ́ràn nínú ìdánwò

*The tip of the iceberg*: díẹ̀ nínú ọ̀ràn ńlá ni ojú rí. *Break the ice*: kí èèyàn sọ ohun tó máa tú ojú kíká láàárín àwọn tí kò mọra. *On thin ice*: ẹni tó wà níbi tí ewu ti lè dé nígbàkigbà. *Cut no ice*: ọ̀rọ̀ tí kò wọ ẹni tí a ń sọ ọ́ fún létí. Àpẹẹrẹ: His excuse cut no ice with the principal.

6. Ó kù sọ́wọ́ yín

Ẹ fi ọ̀rọ̀ tó yẹ dí àlàfo. Ẹ má tíì wo ìsàlẹ̀ o.

1. Leave the fish outside to ____ before you cook it.
2. A huge iceberg ____ from the ice shelf.
3. The climber fell into a deep ____ in the glacier.
4. Floating ____ does not raise the sea level when it melts.
5. The stream is fed by ____ from the mountain.

Ìdáhùn: 1. thaw. 2. calved. 3. crevasse. 4. sea ice. 5. meltwater.

Ẹni tó bá gba gbogbo rẹ̀, kó wá kọ́ ẹnìkan ní JSS. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kan bá ṣì rú lójú, kó kọ ọ́ sínú ìwé, kó jù ú sínú àpótí press club. A máa dáhùn rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.