Omi Tí Kì í Dákẹ́ Nínú Ilé Ìgbọ̀nsẹ̀

Aṣéjìrè, níbi tí wọ́n ti sé odò Ọ̀ṣun kí Ìbàdàn lè rí omi lò, wà ní agbègbè Ẹgbẹ́dá. Síbẹ̀, ní ọ̀pọ̀ ilé ní Ẹgbẹ́dá fúnra rẹ̀, àti ní Mọ́níyà, Lálúpọn àti Àkànrán, omi kànga tàbí ti bọ́ọ̀hóòlù ni wọ́n ń lò. Tí kò bá sí iná, jẹnẹrétọ̀ ló ń fà á gòkè sínú táńkì. Nítorí náà, tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ bá ń da omi nù tọ̀sán-tòru, owó epo ló ń dà nù.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ife kékeré kan, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́rin líta, ló ń lọ ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Líta 15 nìyẹn ní wákàtí kan, líta 360 ní ọjọ́ kan. Táńkì líta 1000 yóò gbẹ kó tó pé ọjọ́ mẹ́ta, ẹnikẹ́ni kò sì tíì wẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa kàn ń ti omi pa, a sì ń fi bọ́kẹ́ẹ̀tì ṣan àwo. Ìyẹn kì í ṣe àtúnṣe.

Àwa tí a ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè mọ̀ pé ọ̀rọ̀-ìṣe tí Yorùbá ní fún omi kì í ṣe ẹyọ kan: ó ń jò, ó ń kán, ó ń dà, ó ń ṣàn. Ìyàtọ̀ yìí wúlò níbí. Tí ẹ bá sọ fún púlọ́ńbà pé, "Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ń jò," ó lè jẹ́ ilẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ wò. Ẹ sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, omi ń dà sínú àwo, kò sì dúró." Àmọ́ kí ẹ tó pè é, ẹ fúnra yín lè mọ ibi tó ti bàjẹ́.

Ọ̀nà méjì ló wà nínú táńkì kékeré ẹ̀yìn àwo. Fúlótà, ohun tó ń léfòó, ló ń ṣọ́ ibi tí omi ń gbà wọlé: bí omi ṣe ń kún ló ń gòkè, títí yóò fi tì í. Rọ́bà ìsàlẹ̀ ló ń ṣọ́ ibi tó ń gbà jáde.

1. Ẹ ṣí ìdérí. Tí omi bá ti dé ẹnu páìpù tó dúró láàárín, tó sì ń ṣàn sínú rẹ̀, ọ̀nà ìwọlé ló níṣòro. Ẹ fọwọ́ gbé fúlótà sókè. Tí omi bá dúró, ẹ yí síkúrúù rẹ̀ tàbí kí ẹ tẹ apá rẹ̀ wálẹ̀, kí omi lè máa dúró ní ìwọ̀n ìka méjì sí ẹnu páìpù náà. Tí kò bá dúró, ó ṣeé ṣe kí iyanrìn ti há sí i lẹ́nu, tàbí kí wásà rẹ̀ ti jẹ.

2. Tí omi kò bá dé ẹnu páìpù, àmọ́ tó ń dákẹ́, tó tún ń dún láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án, ẹ fura sí rọ́bà. Ẹ da ife sóbò kan sínú táńkì kékeré náà, kí ẹ má ṣan án fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Tí omi inú àwo bá pọ́n, rọ́bà kò dí ihò dáadáa.

3. Ẹ ti omi pa, ẹ ṣan án kí ó gbẹ, kí ẹ sì yọ rọ́bà náà. Ẹ fọ èérí àti iyanrìn ara rẹ̀ àti ti etí ihò. Ẹ wò ó bóyá ṣéènì ló há sábẹ́ rẹ̀. Tí rọ́bà bá ti le tàbí tó ti wọ́, ẹ mú un dání lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta ohun èlò, kí ẹ lè ra irú rẹ̀ gan-an.

Lẹ́yìn àtúnṣe, ẹ jẹ́ kí omi kún, ẹ fi bírò sàmì sí ibi tó dé, kí ẹ sì ti omi pa. Tí omi bá ṣì wà lójú àmì náà lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, rọ́bà ti dára. Tí ó bá ṣì ń lọ sílẹ̀, ìgbà yẹn ni kí ẹ pe púlọ́ńbà. Ẹ ó lè sọ ohun tó bàjẹ́ fún un, kò sì ní di dandan kí ẹ sanwó gbogbo inú táńkì nítorí rọ́bà kan.