Orí Keje: Àṣìṣe Tí Oníbàárà Kò Ní Sọ fún Yín

Bí ẹnì kan bá dé ìsọ̀ aláàdìrẹ ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, tó bá ilẹ̀kùn ní títì, á bi ará ìsọ̀ kejì pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ìyá tó ń tajà níbí ńkọ́?" Wọ́n á bá a pe ìyá náà lórí fóònù, ọ̀rọ̀ á sì yanjú. Ìsọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì kò ní ará ìsọ̀ kejì. Bí oníbàárà bá tẹ bọ́tìnnì "Rà á" tí kò rí nǹkan kan, á tún un tẹ̀, á dúró díẹ̀, á sì gba ibòmíràn lọ. Kò ní pè yín. Ẹ kò tiẹ̀ ní mọ̀ pé ó wá.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Èmi ni mò ń bójú tó ìkànnì ẹgbẹ́ wa, níbi tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti ń forúkọ sílẹ̀ fún ìpàdé ọdọọdún. Odindi ọjọ́ mẹ́jọ kọjá, àwọn tó forúkọ sílẹ̀ kò tó nǹkan. Mo rò pé ìpàdé ti sú wọn ni, inú sì ń bí mi sí wọn. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ìyá àgbàlagbà kan nínú ẹgbẹ́ pè mí: "Ọmọ mi, láti àná ni mo ti ń tẹ nǹkan yìí, kò dá mi lóhùn." Mo tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù tèmi, ó ṣiṣẹ́. Mo yẹ àkọsílẹ̀ sáfà wò, kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀. Síbẹ̀, òótọ́ ni ìyá ń sọ.

Ibi méjì ni ìkànnì ti ń ṣiṣẹ́. Sáfà ni kọ̀ǹpútà tí gbogbo ohun tó wà nínú ìkànnì ń gbé. Ẹ fi í wé aláṣọ. Búráúsà, bíi Chrome tàbí Firefox, ni télọ̀. Bí oníbàárà bá ní kí ìkànnì yín ṣí, sáfà á gé aṣọ, á dì í, á fi ìwé tó sọ bí wọ́n ṣe máa rán an sínú rẹ̀, á fi ránṣẹ́. Orí fóònù oníbàárà ni búráúsà ti ń rán an. Bí aṣọ bá bàjẹ́ lọ́wọ́ aláṣọ, aláṣọ á mọ̀. Bó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ télọ̀ ló ti bàjẹ́, ta ni yóò sọ fún aláṣọ? Oníbàárà 100 sì lè ní télọ̀ 100, kí maṣíìnì àwọn kan nínú wọn sì ti gbó.

Ti sáfà ló rọrùn jù, òun ni ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Nọ́ńbà ni sáfà fi ń dáhùn. Bó bá sọ pé 200, kò séwu. 404 ni pé ojú ìwé tí wọ́n béèrè kò sí. 500 ni pé nǹkan dàrú lọ́dọ̀ sáfà fúnra rẹ̀. 503 ni pé kò lè dáhùn lásìkò yìí, bóyá èrò pọ̀ jù tàbí wọ́n ń tún un ṣe. Èyí tó bá fi 4 bẹ̀rẹ̀, ohun tí wọ́n béèrè ni kí ẹ yẹ̀ wò. Èyí tó bá fi 5 bẹ̀rẹ̀, ọ̀dọ̀ yín ni kí ẹ ti wá ìdí rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ìkànnì kéékèèké ló wà lórí WordPress, tí Matt Mullenweg àti Mike Little bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2003. PHP ni èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi kọ ọ́. Plugin ni ẹ̀yà tí èèyàn ń fi kún un kó lè ṣe iṣẹ́ tí kò mọ̀ ọ́n ṣe tẹ́lẹ̀. Láyé àtijọ́, bí plugin kan bá ṣubú, ojú ìkànnì lè funfun báláú, láìsí lẹ́tà kan lórí rẹ̀. Láti WordPress 5.2, tó jáde ní oṣù Karùn-ún ọdún 2019, ó máa ń gbìyànjú láti fi ímeèlì ránṣẹ́ sí alábòójútó, pẹ̀lú líǹkì tó lè gbà wọlé láti tún un ṣe.

WordPress tún lè kọ àṣìṣe sílẹ̀. Nínú fáìlì wp-config.php, ẹ sọ WP_DEBUG di true, ẹ sọ WP_DEBUG_LOG náà di true, kí ẹ sì sọ WP_DEBUG_DISPLAY di false, kí àṣìṣe má baà hàn lójú àlejò. Láti ìgbà náà lọ, fáìlì debug.log tó wà nínú wp-content ni yóò máa gba ìròyìn. Ìlà kan níbẹ̀ lè rí báyìí:

[12-Mar-2024 08:14:33 UTC] PHP Fatal error: Uncaught Error: Call to undefined function fi_oruko_pamo() in /wp-content/plugins/iforukosile/fomu.php:42

Ẹ má bẹ̀rù rẹ̀. Ẹ kà á díẹ̀díẹ̀. Ọjọ́ àti aago ló ṣáájú. Aago UTC ni, nítorí náà ẹ fi wákàtí kan kún un kó lè bá ti Nàìjíríà mu: aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá láàárọ̀. "Fatal error" ni pé iṣẹ́ dúró pátápátá. Ká ní "Warning" ni, ìkìlọ̀ ni, iṣẹ́ ṣì ń lọ. Ẹ̀sùn ló tẹ̀ lé e: wọ́n ní kí kọ̀ǹpútà ṣe iṣẹ́ kan tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ. Ìparí ìlà náà ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ dáadáa. Ó dárúkọ plugin, ó dárúkọ fáìlì, ó sì sọ pé ìlà 42 ni. Bí ẹ bá ka ìparí yìí fún oníṣẹ́ yín lórí fóònù, ẹ ti gba làálàá ńlá lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ ṣọ́ fáìlì yìí o. Bí wọn kò bá dí ojú ọ̀nà rẹ̀, ẹni tó bá mọ àdírẹ́sì rẹ̀ lè ṣí i kà láti ibikíbi, orúkọ àti ímeèlì àwọn oníbàárà sì lè wà nínú rẹ̀. Òfin Ààbò Dátà ti Nàìjíríà, ti ọdún 2023, fi ìtọ́jú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sọ́rùn ẹni tó gbà á. Ọ̀rọ̀ aṣínà àti nọ́ńbà káàdì báńkì kò gbọ́dọ̀ wọ inú àkọsílẹ̀ àṣìṣe rárá.

Ó wá ku ti télọ̀. Ìwé ìlànà tí sáfà ń fi sínú aṣọ, JavaScript ni wọ́n ń fi kọ púpọ̀ nínú rẹ̀, èdè tí Brendan Eich ṣe ní Netscape ní ọdún 1995. Bí búráúsà bá kàwé náà dé ibi tí kò yé e, á dákẹ́. Plugin tó ń ṣọ́ àṣìṣe búráúsà máa ń fi kóòdù kékeré kan sórí gbogbo ojú ìwé, kí ó máa dẹtí. Bí àṣìṣe bá ṣẹlẹ̀ lórí fóònù oníbàárà, á fi ìròyìn ránṣẹ́: ohun tó ṣẹlẹ̀, ojú ìwé tó ti ṣẹlẹ̀, ìlà wo, búráúsà wo, ẹ̀dà rẹ̀ wo. Kóòdù yìí gbọ́dọ̀ ṣáájú àwọn yòókù wọlé, torí kò lè gbọ́ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ kí ó tó dé.

Sentry jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibi tí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ ń lọ, plugin sì wà tó so WordPress mọ́ ọn, tó ń kó ti PHP àti ti JavaScript jọ. Ohun tí mo fẹ́ràn nípa rẹ̀ ni pé bí àṣìṣe kan náà bá ṣẹlẹ̀ nígbà 1,000, á kó wọn sábẹ́ orí kan, á sì ka iye wọn. Láìsí èyí, ímeèlì á bò yín mọ́lẹ̀, ẹ ó sì jáwọ́ nínú kíkà wọn. Ẹ tún mọ̀ pé gbogbo ariwo kọ́ ni ti yín: àwọn nǹkan tí oníbàárà fi kún búráúsà tirẹ̀ náà máa ń ṣàṣìṣe. Bí ẹ bá sì rí "Script error." lásán, láìsí ìlà, kóòdù tó ti ìkànnì mìíràn wá ni, búráúsà sì mọ̀ọ́mọ̀ fi ìyókù pamọ́.

Plugin ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Inú sáfà ló ń gbé. Bí sáfà bá kú, òun náà ti kú, kò lè ké sí yín. Nítorí náà, ẹ fi ẹ̀ṣọ́ kan síta, iṣẹ́ tó ń kan ilẹ̀kùn ìkànnì yín láti ibòmíràn ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, tó sì ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ bí kò bá gbọ́ ìdáhùn.

Alẹ́ ọjọ́ tí ìyá pè mí ni mo fi plugin sórí ìkànnì ẹgbẹ́ wa. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ìròyìn mẹ́rìndínlógún ti wà níbẹ̀, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn: "Unexpected token". Àmì kékeré kan, ?. báyìí, ló wà nínú kóòdù fọ́ọ̀mù wa. Láti ẹ̀dà 80, tó jáde ní ọdún 2020, ni Chrome ti ń mọ àmì náà kà. Fóònù ìyá kò tíì gba ẹ̀dà yẹn, ti àwọn mìíràn náà kò gbà á. Mo kọ ìlà náà bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ tẹ́lẹ̀, mo wá pe ìyá padà. Ó ní kí n má tíì gé fóònù. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí, tó ń wá bọ́tìnnì náà kiri. "Ẹ̀n-ẹ́n," ó ní, "ó ti bi mí pé àwo oúnjẹ mélòó ni mo fẹ́."