Kò sẹ́ni tó ń fi CD gbọ́ orin mọ́, kí ló dé tí àwo orin Kòríà ń tà bí àkàrà gbígbóná?

Ìbéèrè kan rèé: ìgbà wo lẹ fi CD gbọ́ orin gbẹ̀yìn? Ọ̀pọ̀ nínú yín ò tiẹ̀ ní ẹ̀rọ tó lè lò ó nílé mọ́. Orí fóònù la ti ń gbọ́ orin báyìí, íntánẹ́ẹ̀tì ló sì ń gbé e wá.

Bó ṣe rí ní Gúúsù Kòríà náà nìyẹn. Síbẹ̀, ní ọdún 2023, àwo orin tí Circle Chart kà níbẹ̀ kọjá 100 mílíọ̀nù. Circle Chart yìí ló ń ṣe àkọsílẹ̀ bí orin ṣe ń tà ní Kòríà. Àwọn èèyàn orílẹ̀-èdè náà ò sì ju nǹkan bíi 52 mílíọ̀nù lọ. Ká ní wọ́n pín in láàárín ara wọn ni, kálukú á fẹ́rẹ̀ẹ́ gba méjì, àti ọmọ ọwọ́ àti arúgbó! Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ló ń lọ sí Japan, Amẹ́ríkà àti Ṣáínà. Àmọ́ àwọn tó wà níbẹ̀ náà ní fóònù, àbí?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó wà lẹ́yìn 100 mílíọ̀nù yìí.

Ọjà tó ti kú tẹ́lẹ̀

Ní 1995, àwo kẹta tí olórin Kim Gun-mo ṣe tà ju mílíọ̀nù méjì lọ ní Kòríà. Kò yani lẹ́nu nígbà yẹn, torí ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ orin nígbà tó wù ú gbọ́dọ̀ ra kásẹ́ẹ̀tì tàbí CD ni. Nígbà tó di 2000, Soribada dé, àwọn èèyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í pín orin MP3 láàárín ara wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Ní 2004, iléeṣẹ́ SK Telecom gbé Melon jáde, kéèyàn kàn máa san owó díẹ̀, kó sì máa gbọ́ orin. Bí ọjà CD ṣe ṣubú nìyẹn. Láti 2001, kò sí àwo kan tó tún ta mílíọ̀nù kan mọ́, àfìgbà tí ẹgbẹ́ EXO gbé XOXO jáde ní 2013. Ọdún méjìlá gbáko!

Lẹ́yìn náà ni nǹkan yí padà. Tí a bá ṣírò àwo 400 tó tà jù lọ́dọọdún, ó jẹ́ nǹkan bíi 25 mílíọ̀nù ní 2019. Ó kọjá 40 mílíọ̀nù ní 2020, ó di nǹkan bíi 57 mílíọ̀nù ní 2021, ó sì kọjá 100 mílíọ̀nù ní 2023. FML tí ẹgbẹ́ SEVENTEEN ṣe nìkan tà ju mílíọ̀nù mẹ́fà lọ lọ́dún 2023 yẹn. IFPI, ìyẹn àjọ àwọn iléeṣẹ́ orin lágbàáyé, fi í sípò kìíní láàárín gbogbo àwo orin ayé lọ́dún náà.

Ṣé CD ló jíǹde ni? Rárá o. Nǹkan mìíràn ló wọ ẹ̀wù CD.

Kí ló wà nínú páálí?

Tẹ́ ẹ bá ṣí àwo orin Kòríà kan, ẹ máa kọ́kọ́ rò pé ìwé lẹ rà. Ìwé fọ́tò ńlá ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú pósítà, sítíkà àti káàdì fọ́tò kékeré kan tàbí méjì. CD náà wà níbẹ̀ o, àmọ́ ó dà bí àlejò tó jókòó sígun ilé.

Káàdì kékeré yẹn ni kókó ọ̀rọ̀. Àwo Oh! tí ẹgbẹ́ Girls' Generation ṣe ní 2010 làwọn èèyàn sábà máa ń tọ́ka sí pé ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Fọ́tò olórin kan ṣoṣo nínú ẹgbẹ́ ló máa ń wà lórí káàdì kan. Ẹni tó ń rà á ò sì lè mọ ti ẹni tó máa bá níbẹ̀, àfi tó bá ṣí páálí. Bó o bá fẹ́ràn Táyé, Kẹ́hìndé lè jáde sí ọ lọ́wọ́. Yàtọ̀ síyẹn, àwo kan náà máa ń jáde ní oríṣi mẹ́ta, mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Orin inú wọn ò yàtọ̀, èèpo ẹ̀yìn àti fọ́tò ló yàtọ̀.

Ní 2023, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn oníbàárà ní Gúúsù Kòríà fọ̀rọ̀ wá 500 olólùfẹ́ orin lẹ́nu wò. Èyí tó ju ìdajì wọn lọ ní torí àtikó àwọn nǹkan inú páálí jọ làwọn ṣe ń ra àwo. Àwọn tó ń fi CD gbọ́ orin ò tó 6 nínú 100.

Ìṣirò tó wà nídìí káàdì

Ibí yìí ni ìmọ̀ ìṣirò ti wọlé, ẹ fọkàn bá mi lọ.

SEVENTEEN ní olórin 13. Ká gbà pé káàdì kan ló wà nínú páálí kọ̀ọ̀kan, àti pé káàdì olórin kọ̀ọ̀kan pọ̀ bákan náà. Àwo mélòó lẹ máa rà kí káàdì mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlá tó pé yín lọ́wọ́? Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní 13, ẹlòmíì á ní 20. Ìdáhùn rẹ̀ ni 41, ní ìpíndọ́gba.

Báwo ló ṣe jẹ́? Àwo àkọ́kọ́ ò lè já yín kulẹ̀, torí káàdì yòówù tó bá jáde, tuntun ni. Nígbà tẹ́ ẹ bá ra èkejì, 12 nínú 13 ṣì jẹ́ tuntun sí yín. Àmọ́ bẹ́ ẹ ṣe ń kó wọn jọ, bẹ́ẹ̀ ni tuntun ń dín kù. Tó bá wá ku ẹyọ kan péré, ìṣeéṣe pé páálí tó kàn máa gbé e wá jẹ́ 1 nínú 13. Ìyẹn ni pé àwo 13 lẹ máa rà ní ìpíndọ́gba, torí káàdì kan ṣoṣo tó kù!

Tẹ́ ẹ bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, 13/13 + 13/12 + 13/11, títí dé 13/1, ó máa fún yín ní 41 àti díẹ̀. Ẹ tún wo èyí: káàdì 7 àkọ́kọ́ ò ní gbà ju nǹkan bí àwo 9 tàbí 10 lọ. Káàdì 6 tó kù ló máa jẹ nǹkan bíi 32. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ máa ń dùn, òpin rẹ̀ ló máa ń gbówó. Àwọn onímọ̀ ìṣirò ti mọ ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́, coupon collector's problem ni wọ́n ń pè é.

Tó bá jẹ́ olórin kan ṣoṣo lẹ fẹ́ ńkọ́? Ẹ lè rò pé tẹ́ ẹ bá ti ra 13, ó parí. Kò parí o. Ẹ fi 12/13 sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ nígbà 13, ẹ máa rí nǹkan bíi 0.35. Ìyẹn ni pé nínú èèyàn 100 tó bá ra àwo 13 kọ̀ọ̀kan, nǹkan bí 35 ò ní rí káàdì tí wọ́n ń wá.

Ìdí nìyẹn táwọn olólùfẹ́ fi ń ṣe pàṣípààrọ̀ káàdì láàárín ara wọn. Ọgbọ́n gidi nìyẹn, torí bí èèyàn bá ṣe pọ̀ tó nínú pàṣípààrọ̀ ni àwo tí kálukú máa rà á ṣe dín kù tó.

Àwo tó di tíkẹ́ẹ̀tì

Káàdì nìkan kọ́. Àwọn iléeṣẹ́ orin máa ń ṣètò ìpàdé níbi táwọn olólùfẹ́ ti máa ń jókòó síwájú olórin fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kó bá wọn fọwọ́ sí àwo. Ìbò ni wọ́n fi ń yan ẹni tó máa wọlé. Àwo kan tẹ́ ẹ bá rà, ẹ̀ẹ̀kan ni orúkọ yín wọnú ìbò. Ẹ ra 50, orúkọ yín wọlé nígbà 50. Nígbà tí àrùn Kòrónà dé ní 2020, tí kò sí àríyá orin mọ́, wọ́n gbé ìpàdé yìí lọ sórí fóònù alárìínú. Bí ẹni tó wà ní Brazil tàbí Japan náà ṣe lè ra tíkẹ́ẹ̀tì nìyẹn, owó tí ì bá lọ sórí àríyá orin sì wọnú àwo.

Ẹ̀mí ìdíje tún wà níbẹ̀. Iye tí àwo bá tà ní ọjọ́ méje àkọ́kọ́ ni wọ́n ń pè ní chodong. Ní oṣù kẹrin 2023, FML ta nǹkan bíi mílíọ̀nù 4.5 láàárín ọjọ́ méje. Ní oṣù kẹfà, 5-STAR ti ẹgbẹ́ Stray Kids ta mílíọ̀nù 4.6. Nígbà tó di oṣù kẹwàá, SEVENTEEN tún padà wá pẹ̀lú mílíọ̀nù 5. Àwo tó tà tún wà lára ohun tí ètò Music Bank lórí tẹlifíṣọ̀n KBS fi ń yan ẹni tó borí. Nítorí náà, ẹni tó ra àwo mẹ́wàá lè má wá orin kankan, ó ń dìbò fún àwọn tó fẹ́ràn ni.

Ẹ má fojú òmùgọ̀ wo irú ẹni bẹ́ẹ̀ o. Owó tó ń wọlé fún olórin lórí orin kan téèyàn gbọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kéré gan-an. Olólùfẹ́ mọ̀ pé tóun bá ra àwo, wọ́n á rí i, wọ́n á sì kà á. Ìfẹ́ ló ń nọ́wó. Iléeṣẹ́ ló mọ bí wọ́n ṣe ń fi ìfẹ́ yẹn ṣòwò.

Ibo ni ike yẹn ń lọ?

CD kan wúwo tó nǹkan bíi gíráàmù 15. Ẹ fi mílíọ̀nù 6 sọ ọ́ di púpọ̀, tọ́ọ̀nù 90 nìyẹn, CD inú FML nìkan, láìka páálí àti ìwé. Gẹ́gẹ́ bí àkọsílẹ̀ iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí àyíká ní Gúúsù Kòríà, ike táwọn iléeṣẹ́ orin lò fún àwo jẹ́ tọ́ọ̀nù 55.8 ní 2017. Ní 2022, ó ti di tọ́ọ̀nù 801.5. Ìlọ́po mẹ́rìnlá láàárín ọdún márùn-ún!

CD ò sì rọrùn láti tún lò. Ike líle kan tí wọ́n ń pè ní polycarbonate ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n wá fi alumíníọ̀mù tín-ín-rín bò ó, wọ́n tún fi ọ̀dà lé e lórí. Kí wọ́n tó lè yọ́ ike náà fún iṣẹ́ mìíràn, àfi kí wọ́n kọ́kọ́ ya àwọn yòókù kúrò lára rẹ̀. Ní 2024, fọ́tò àwo SEVENTEEN tí kò tíì pẹ́ tó jáde gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kan: páálí-páálí rẹ̀ ni wọ́n kó sílẹ̀ lójú títì ní Shibuya, nílùú Tokyo, kí ẹni tó bá fẹ́ mú un lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó rà á ti mú ohun tó ń wá níbẹ̀.

Àwọn olólùfẹ́ fúnra wọn ló kọ́kọ́ pariwo. Ní 2021, àwọn ọ̀dọ́ kan láti Indonesia àti Kòríà dá Kpop4planet sílẹ̀, wọ́n ń rọ àwọn iléeṣẹ́ pé kí wọ́n yéé ta ìdọ̀tí fáwọn. Àwọn iléeṣẹ́ kan gbìyànjú. Nígbà tí J-Hope ti BTS gbé Jack in the Box jáde ní 2022, kò sí CD nínú rẹ̀. Káàdì ló wà níbẹ̀, àti àmì QR téèyàn máa fi fóònù yà kó lè gbọ́ orin.

Kí ni nọ́ńbà yìí ń kà gan-an?

Ní 2024, àpapọ̀ àwo tó tà já wálẹ̀, kò tó 100 mílíọ̀nù mọ́. Ṣé ìyẹn wá túmọ̀ sí pé àwọn tó ń gbọ́ orin Kòríà ti dín kù? A ò lè fi nọ́ńbà yẹn nìkan mọ̀ ọ́n. Circle Chart ń ka àwo tí iléeṣẹ́ kó jáde, lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ èyí tó padà. Kò ka etí tó gbọ́ orin. Àwo mílíọ̀nù kan lè jẹ́ ti èèyàn mílíọ̀nù kan, ó sì lè jẹ́ ti èèyàn ọ̀kẹ́ márùn-ún tó ra mẹ́wàá-mẹ́wàá.

Nítorí náà, nígbàkigbà tẹ́ ẹ bá rí nọ́ńbà ńlá, yálà ti orin ni o, ti ìbò ni o, tàbí ti àwọn tó ń tẹ̀ lé èèyàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ bi í léèrè mẹ́ta: Kí ni wọ́n kà? Ṣé ẹnì kan lè wọ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá? Ta ló jèrè bí nọ́ńbà náà bá tóbi?

Iṣẹ́ àṣetiléwá yín rèé, kò náni ní kọ́bọ̀. Ẹ mú dáìsì lúdò kan. Ẹ máa jù ú, kẹ́ ẹ sì máa kọ ohun tó bá jáde sílẹ̀, títí dìgbà tẹ́ ẹ bá rí ojú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, láti 1 dé 6. Ẹ ka iye ìgbà tẹ́ ẹ jù ú. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà 20, kẹ́ ẹ wá wá ìpíndọ́gba rẹ̀. Ó yẹ kó sún mọ́ 15. Lẹ́yìn náà, kẹ́ ẹ wá ronú pé owó àwo kan lẹ̀ ń san nígbàkigbà tẹ́ ẹ bá ju dáìsì náà.